Bí a ṣe ń fi gravity àti òòfà wá fault tí ilẹ̀ bò ní Ifẹ̀wàrà

Fault ni ibi tí àpáta ti ya, tí apá kan sì yẹ̀ kúrò lára èkejì. Èyí tó gba Ifẹ̀wàrà kọjá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà láti gúúsù sí àríwá, ó kàn tẹ̀ sí ìlà oòrùn díẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: òòfà ayé lágbègbè wa fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lélẹ̀, ó sì kọrí sí àríwá. Fault tó bá ń bá a rìn lọ́nà kan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú magnetometer, ẹ̀rọ tó ń wọn òòfà. Ẹ mú gravimeter dání, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn gravity, agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra.

Ẹ fa ìlà yín láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, kó dábùú fault, kó sì fi kìlómítà méjì-mẹ́ta kọjá a lọ́tùn-ún lósì. Ẹ máa ka òòfà ní mítà 10 sí 10, gravity ní mítà 50 sí 50.

Ẹni tó gbé magnetometer gbọ́dọ̀ bọ́ bẹ́líìtì onírin, kó fi fóònù, kọ́kọ́rọ́ àti àdá sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí páànù, mọ́tò àti wáyà iná. Tó bá jẹ́ irú magnetometer tí wọ́n ń pè ní proton ni, ẹ kọ ojú kọ́ìlì rẹ̀ sí ìlà oòrùn. Tó bá kọjú sí àríwá, àmì rẹ̀ á kú. Ẹ gbé ẹ̀rọ kejì dúró sójú kan, kó máa kà á ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: lọ́sàn-án gangan, òòfà lè fi ju 50 nanotesla (òṣùwọ̀n òòfà) yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣísẹ̀.

Gravimeter ò fẹ́ ìkánjú. Ẹ gbé e jókòó dọ́gba, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì padà sí ojú ìbẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí méjì, torí sípíríǹgì inú rẹ̀ ń nà díẹ̀díẹ̀. Gíga ilẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí ẹ bá fi mítà 1 ṣi gíga kà, àṣìṣe bíi 0.2 milligal (òṣùwọ̀n gravity) dé nìyẹn. GPS orí fóònù ò tó; ẹ̀rọ tí àwọn sọ̀féyọ̀ fi ń wọn ilẹ̀ ni kí ẹ lò.

Lápá ìwọ̀ oòrùn fault yìí, àpáta amphibolite tó wúwo ló pọ̀. Àpáta quartzite tó fúyẹ́ ló wà lápá kejì. Gravity á sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn láàárín wọn. Ẹ wọn ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdámẹ́rin kan títí dé ibi tó ti dé ìdámẹ́rin mẹ́ta: ìdajì fífẹ̀ yẹn ni jíjìn fault náà nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí mítà 400 bá jẹ́ fífẹ̀, ó di mítà 200. Fault tó dúró ṣánṣán nìkan lèyí bá mu dáadáa.

Lórí àwòrán òòfà, òkúta tó ní òòfà púpọ̀ máa ń yọ bíi kòtò níbí, kì í yọ bí òkè. Ẹni tó bá fi ojú ilẹ̀ òyìnbó wò ó á gbẹ́ ilẹ̀ sódì. Lórí kọ̀ǹpútà, reduction to equator ni kí ẹ yàn, ìṣirò tó ń tún àwòrán náà yà bí ẹni pé orí equator, níbi tí òòfà ayé ti sùn lélẹ̀ pátápátá, la ti wọn ọ́n. Reduction to pole, tó ń yà á bí ẹni pé ibi tí òòfà ayé ti dúró ṣánṣán la ti wọn ọ́n, á kàn fa ìlà èké láti àríwá sí gúúsù, bí ẹni pé fault ni.