Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá fọ́tò iris tẹ́ẹ yà dáa, kí ẹni náà tó dìde

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ ní Kábbà, Ìyàrà, Mọ̀pà títí dé Ẹ̀gbẹ́, ẹ ti rí i pé ìka àwọn àgbà tó ti fi oko ṣayé máa ń dán débi tí ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan kà, ibẹ̀ ni iris ti ń gbani, ìyẹn òrùka aláwọ̀ tó yí ọmọlójú ká.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àga wà. Infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò rí, ni kámẹ́rà ń lò (ìgbì ẹ̀ gùn tó bíi 700 sí 900 nanometer), torí iná lásán kì í fi iṣẹ́ ara iris tó dúdú bíi tiwa hàn dáadáa. Oòrùn náà ní infrared nínú o, tẹ́ni náà bá kọjú sí wíńdò, wíńdò ọ̀hún á yọ funfun báláú sínú ẹyinjú ẹ̀. Jígí ojú náà, kí wọ́n bọ́ ọ.

Tẹ́ẹ bá ti yà á, ẹ fẹ fọ́tò náà tóbi. Ṣé ìlà tín-ínrín inú iris hàn ketekete àbí ó rí bàìbàì? Tó bá rí bàìbàì, ó lè jẹ́ pé wọ́n mira, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n sún mọ́ kámẹ́rà jù tàbí wọ́n jìnnà jù. Ẹ kàn ní, "Ọ̀kún o màmá, ẹ rọra dúró díẹ̀," kẹ́ẹ tún un yà.

Lẹ́yìn náà, báwo ni iris tó hàn ṣe pọ̀ tó? Ìlànà ISO/IEC 29794-6 ti 2015, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí bí fọ́tò iris ṣe gbọ́dọ̀ dáa tó, ní ó yẹ kó tó 70%. Ìpéǹpéjú àgbà tó ti wálẹ̀ ló sábà máa ń bò ó, ẹ tọrọ àyè kẹ́ẹ fi ìka gbé e sókè díẹ̀. Ẹni tó lé tìróò, ẹ ní kó nù ún, torí dúdú ẹ̀ lè ṣi ẹ̀rọ lọ́nà.

Ẹ wo ọmọlójú náà, kí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàrin 20 sí 70% ti iris. Yàrá tó ṣókùnkùn ló ń jẹ́ kó fẹ̀ jù, ẹ tan iná.

Máàkì tí ẹ̀rọ ń fún fọ́tò wúlò, àmọ́ èmi ò gbà pé kéèyàn gbára lé òun nìkan.

Kẹ́ẹ tó tẹ save, ẹ wò ó bóyá ẹ ò fi ojú ọ̀tún sípò tòsì. Tí igun ojú tó sún mọ́ imú bá wà lápá òsì fọ́tò, ojú òsì nìyẹn, àfi tí kámẹ́rà yín bá ń yí fọ́tò padà bíi dígí.