Bí Mo Ṣe Rí Béjídé, Ẹlẹ́tù Ẹnu Igbó

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti wà nílé wa ní Àkúrẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi àgbà ló rà á. Èèpo iwájú rẹ̀ ti já, okùn ni wọ́n fi dì í. Ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, Òkè-Igbó, níbí nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, sì ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́. Mo ti kà á tó ìgbà márùn-ún. Lọ́dún tó kọjá mo tún kà á tán, mo gbé e padà sórí pẹpẹ, ọkàn mi kò sì kúrò nínú igbó náà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jà mí lọ́kàn: ta ló ń ta ẹ̀tù ìbọn fún àwọn ọdẹ inú ìwé yìí?

Ìbéèrè kékeré yìí ló bí ìtàn tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fan fiction. Olùkàwé á wọ inú ayé tí ẹlòmíràn ti dá, á wá kọ́ yàrá kan mọ́ ilé náà. Ẹ̀dá-ìtàn tí kò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀, tí olùkàwé fúnra rẹ̀ mú wá, ni wọ́n ń pè ní OC, ìyẹn original character. Iṣẹ́ mi ni láti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan.

Mo kọ́kọ́ ra ìwé àjákọ kan ní Ọjà Ọba, mo pín ojú ewé rẹ̀ sí méjì. Apá kan ni mo kọ ohun tí ìwé ti sọ tí n kò gbọdọ̀ yí padà sí. Àkàrà-Ògùn, ògbójú ọdẹ inú ìwé náà, ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ọba ló rán òun àti àwọn akọni yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní kùmọ̀, Olóhùn-Iyọ̀ ní orin, Imọ̀dóye ní ọgbọ́n. Ìbéèrè ló kún apá kejì. Níbo ni iyọ̀ ti ń wọ ìlú? Ta ló ń tún ìbọn ṣe? Bí òjò bá pa ẹ̀tù, kí ni ọdẹ á ṣe? Apá kejì yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ni inú mi sì ti dùn jù, torí ibi tí òǹkọ̀wé kò tẹ̀ ni mo ti lè fi ẹsẹ̀ mi sí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ dá kò dára. Mo sọ ọ́ ní Akọnibìnrin. Ó lágbára ju Kàkó lọ, ó gbọ́n ju Imọ̀dóye lọ, orin rẹ̀ sì ń mú ẹyẹ sọ̀kalẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin kà á ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé ojú ewé náà, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Àǹtí mi, bí obìnrin yìí bá lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí ni ọba tún ń rán àwọn tó kù lọ ṣe?" N kò rí èsì fọ̀. Láti ọdún 1973 ni àwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí ní Amẹ́ríkà ti ń pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní Mary Sue, orúkọ tí wọ́n mú láti inú ìtàn kúkúrú kan tí wọ́n fi bẹnu àtẹ́ lu àṣà náà. Ogún ojú ewé ni mo ya dànù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni àbúrò mi sọ.

Mo wá padà sórí ẹ̀tù. Ọdẹ àgbà kan ń gbé ní àdúgbò wa. Mo ra obì, mo lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe ń tọ́jú ẹ̀tù nígbà òjò?" Ó mú ṣakabùlà rẹ̀ wá, ó fi hàn mí bí akọ òkúta ṣe ń ṣá irin, tí iná á ta sínú ẹ̀tù díẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí iná yẹn tó wọlé lọ bá èyí tó pọ̀ nínú. Bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá ti gba omi, ìbọn kò ní dún. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdẹ tí ẹ̀tù rẹ̀ bá tutù, igi lásán ló gbé kọ́ èjìká." Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ kí n tó délé, lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Lóru yẹn ni mo rí ẹni tí mo ń wá. Obìnrin tó ń po ẹ̀tù. Ó ń lọ èédú, ó ń lọ imí ọjọ́, ó ń wọ̀n wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá. Orúkọ ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, torí náà mo wo ọjọ́ tí wọ́n bí i. Òjò ń rọ̀. Béjídé: ó bá òjò dé. Mo rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá mi nígbà tí mo rí ohun tó wà nínú orúkọ yẹn. Ọdẹ wo ló fẹ́ ra ẹ̀tù lọ́wọ́ ẹni tí òjò bá wáyé? Wọ́n ń yà fún ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni yà fún ejò. Bàbá rẹ̀ náà, ọdẹ ni. Ọjọ́ tí òjò ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́ ni ẹfọ̀n kàn án pa. Béjídé fẹ́ po ẹ̀tù tí yóò dún nínú òjò, kí ọdẹ kan ṣoṣo yìn ín lójú ayé. Kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò yìnbọn rí, ìró rẹ̀ máa ń já a láyà, etí rẹ̀ ló máa ń dì.

Láti ìgbà tí mo ti mọ ohun tó fẹ́, òun ló ń fà mí lọ.

Mo gun òkè Ìdànrè lọ wá ibi tí yóò máa gbé. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ni, mo sinmi lọ́pọ̀ ìgbà. Òjò ká mi mọ́ òkè. Mo sá sábẹ́ àpáta kan tó yọrí síta bí òrùlé, omi ń ṣàn ní iwájú mi bí aṣọ títa, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi gbẹ. Mo fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Kí òjò tó dá, mo ti gbé Béjídé kúrò láàárín ìlú wá sábẹ́ àpáta, ní ẹnu igbó. Ìpinnu yìí ló tún ìtàn náà ṣe jù, mi ò bá má rí i bí mo bá jókòó sílé.

Bí ó ti ń gbé ẹnu igbó, ayé ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò láìjẹ́ pé mo fipá ṣe é. Àdó ẹ̀tù nílò ìdérí tí omi kò lè wọ̀. Ìda oyin dára fún un. Ta ló ní oyin nínú igbó yẹn? Àwọn iwin ni. Kí ni wọ́n ń gbà? Kì í ṣe owó ẹyọ, iyọ̀ ni. Iyọ̀ ń wá láti etí òkun, torí náà mo ní kí àwọn ará Ìlàjẹ máa fi ọkọ̀ gbé e wá. Báyìí ni ọjà kan ṣe hù láàárín ìlú àti igbó, ọjà ọrọọrún, tí ènìyàn àti iwin jọ ń ná. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjà, tó yọjú láàárín itan rẹ̀, yóò rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Mo fi èèwọ̀ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjà náà, kódà bí owó rẹ̀ bá jábọ́. Ìrìnàjò Béjídé yí padà ní ọjọ́ tí àdó rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ̀tù ń dà, tó sì ní láti yàn.

Mi ò fara wé ohùn Fágúnwà. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo sì rí i pé ohùn náà ti lẹ́ni tó ni ín. Béjídé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà gbólóhùn mi kúrú. Àwọn ará ilé rẹ̀ a máa fi ẹ̀ka èdè wa sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, eji ni wọ́n ń pe òjò, bí ìyá àgbà mi ti ń pè é.

Àkàrà-Ògùn fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wá ra ẹ̀tù kí wọ́n tó gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó, ó béèrè orúkọ ẹlẹ́tù, wọ́n sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Ojú ewé kan àbọ̀ ni. Ó wù mí kí n dá a dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìtàn tirẹ̀ wà nínú ìwé tirẹ̀.

Mi ò ta ìtàn mi yìí. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, Copyright Act 2022, sì dáàbò bo ìwé fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú, ìyẹn títí 2033 yóò fi parí. Mo kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ìwé rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo fún àwọn ọ̀rẹ́ mi kà lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo kà á fún ọdẹ àgbà náà ní ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo rẹ̀, láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo dé ibi tí òjò ti ń rọ̀, tí ọdẹ kan fi àdó Béjídé sí ẹnu, tó fi eyín fa ìda rẹ̀ yọ, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó wọlé, ó gbé àdó tirẹ̀ jáde, ó yí i wò lábẹ́ iná, ó ní kí n máa kà á lọ.

Ó bi mí lẹ́yìn náà pé ta ni Ìyálọ́jà ọjà yẹn. N kò tíì ní ọ̀kan. Òun ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí.