Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Wáyà ECG Ti Ṣì Ibi Jókòó

Kí a tó ka àìsàn ọkàn sí aláìsàn lọ́rùn nítorí ohun tí ìwé ECG (àyẹ̀wò tó ń ya bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú ọkàn) yà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwọn wáyà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mẹ́rin ti apá àti ẹsẹ̀ pẹ̀lú mẹ́fà ti àyà, wà níbi tó yẹ.

Lead I, ọ̀kan lára àwọn ìlà tí ìwé náà ń yà, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn ìgbì ibẹ̀ tí à ń pè ní P, QRS àti T sábà máa ń kọjú sókè, nígbà tí ti aVR, ìlà mìíràn, máa ń kọjú sísàlẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dorí kodò nínú Lead I, tí aVR sì wá kọjú sókè, ó ṣeé ṣe kí wáyà apá ọ̀tún àti ti òsì ti gba ipò ara wọn. Ẹ má tíì fọwọ́ sọ̀yà, nítorí ìwé ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú ọkàn ní apá ọ̀tún àyà máa ń rí bẹ́ẹ̀ náà. Wáyà àyà mẹ́fà, V1 sí V6, ni yóò là á: bí ṣóńṣó R (èyí tó yọ sókè nínú QRS) bá ń ga sí i láti V1 lọ sí V4, wáyà apá ló ṣì, bí ó bá ń kéré sí i títí dé V6, ọkàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Bí ó bá jẹ́ Lead II, wáyà apá ọ̀tún ló pààrọ̀ ipò pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ Lead III, ti apá òsì ló pààrọ̀ ipò pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Èyí tó le jù láti rí ni pípààrọ̀ apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì, àfi kí ẹ gbé ìwé àtijọ́ aláìsàn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti àyà, V1 àti V2 ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ òkè jù, P inú V2 á sì kọjú sísàlẹ̀. Ẹ fi ìka kan kòtò ìsàlẹ̀ ọrùn, kí ẹ máa fà á bọ̀ lórí eegun àárín àyà títí yóò fi kan ibi tó yọ díẹ̀. Eegun ìhà kejì ló so mọ́ ibẹ̀, àlàfo abẹ́ rẹ̀ sì ni ìkejì. Ẹ ka méjì sí i, ẹ ti dé àlàfo kẹrin, tí V1 ń gbé lọ́tùn-ún eegun náà, tí V2 ń gbé lósì.

Àwọ̀ wáyà náà a máa tanni jẹ: dúdú jẹ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ìlànà Yúróòpù, ṣùgbọ́n ti apá òsì ni ní ti Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ tún wáyà tò, kí ẹ ya òmíràn, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ti àkọ́kọ́ pé wáyà rẹ̀ ṣì.