Bá a ṣe yanjú ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù táwọn onílé ò san fẹ́gbẹ́
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ onílé, ẹ gbọ́ o. Ó lé lọ́dún kan táwọn onílé wa ò fi san owó déédéé, mo rò pé ahun ni wọ́n, àṣé wọn ò mọ ibi tówó ń lọ ni. A wá tẹ àkáǹtì jáde, gbogbo owó tó wọlé àtèyí tó jáde, a fi ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan ká tó dárúkọ gbèsè rárá. Lẹ́yìn ìyẹn la pín owó sọ́nà méjì, tiná àti gbálẹ̀gbálẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tá a ń tọ́jú de òrùlé àti páìpù tó máa bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú lọ́tọ̀, báǹkì ò sì ní sanwó àfi téèyàn méjì bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ gbèsè ń san án díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Ìyẹn ló ṣiṣẹ́ jù! Ẹ má lẹ orúkọ onígbèsè mọ́ géètì o, a ṣe é rí, ìjà ló dá sílẹ̀, ó ṣì ń dùn mí. Ní báyìí, ilé mẹ́ta péré ni ò tíì san tán.