Kí o tó kọ fisiotẹ́rápì sínú fọ́ọ̀mù JAMB

Ọdọọdún ni wọ́n ń wá. Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde báyìí, òbí á fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi: "Ẹ bá mi gbà á nímọ̀ràn, fisiotẹ́rápì ló lóun fẹ́ ṣe." Màá bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi wù ú. Ìdáhùn wọn ló ń mú kí ẹ̀yìn máa ro èmi oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì tí mò ń bá ọmọ aráyé tọ́jú ẹ̀yìn.

Èkíní: "Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù." Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí díẹ̀. O rí ẹni tó gbé báàgì sáré wọ pápá nígbà tí Super Eagles ń gbá bọ́ọ̀lù, o rò pé iṣẹ́ náà nìyẹn. Kíláàbù mélòó ló ń gba irú wa síṣẹ́ nílẹ̀ yìí? Ìyá àgbà tí rọpárọsẹ̀ mú, tí kò lè dá jókòó, lo máa bá ní wọ́ọ̀dù. Kó ṣáà lè jókòó ni iṣẹ́ rẹ lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní pàtẹ́wọ́ fún ọ. Bàbá tí eékún kò jẹ́ kó forí kanlẹ̀ kírun mọ́ ń dúró níta. Ọmọ kékeré tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí níbi tí kò yẹ, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wà lẹ́yìn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ jẹ́sì Chelsea sábẹ́ kóòtù funfun wá sọ́dọ̀ wa. A ní kó bá wa gbé bàbá kan tó sanra láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Sà, ìgbà wo la máa dé orí ti àwọn agbábọ́ọ̀lù?" Bàbá náà, tí ọ̀rọ̀ ò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Èkejì: "Dókítà ni mo fẹ́ ṣe, máàkì mi ni ò tó." Láti 1966 ni wọ́n ti ń kọ́ fisiotẹ́rápì ní Yunifásítì Ìbàdàn, kì í ṣe ibùdókọ̀ tí o ti máa dúró de mọ́tò míì. Anatomy tí àwọn oníṣègùn ń kà lo máa kà, òkú tí wọ́n ń là ni ìwọ náà máa là. Bí ọkàn rẹ ò bá sí níbẹ̀, wàá féèlì.

Nínú fọ́ọ̀mù JAMB yẹn, má sá fún Physics.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yéé sanwó kọ́ọ̀sì ìwọ́ra òpin ọ̀sẹ̀ pé kí ọmọ lè di oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì! Ìyá kan yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún un, ó sì mú sáàtífíkéètì náà wá hàn mí, wọ́n ti lámínéètì ẹ̀ dáadáa. MRTB tó ń fún wa ní láísẹ́ǹsì ò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Dìgírì láti yunifásítì tí wọ́n fọwọ́ sí ni wọ́n mọ̀, pẹ̀lú ọdún 1 íńtánṣíìpù lẹ́yìn rẹ̀.

Ti jàpá ńkọ́? Dìgírì nìkan ò gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀. HCPC, àjọ tó ń forúkọ irú wa sílẹ̀, ń dúró dè ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdánwò láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní NPTE ń dúró ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀fẹ́ lohun tí mo ń fẹ́ kí o ṣe. Lọ sí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ ọ, kí olórí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì dáadáa, kí o bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí o wá máa wòran láàárọ̀. Wọ bàtà tí kò ní gìgísẹ̀. Má sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn.