Bí ìpayà òjijì bá mú ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín
Ẹ̀yin ará Akúrẹ́, bí ìpayà òjijì, ìyẹn ìbẹ̀rù ńlá tó ń dé lójijì tó sì ń mú kí èèyàn máa mí lemọ́lemọ́, bá ká ẹnìkan mọ́ Ọjà Ọba tàbí inú takisí, ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má sì pagbo yí i ká. Ẹ bá a mí ni: kí ó fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka 4, kí ó wá tú u síta díẹ̀díẹ̀ títí dé 6. Mímí lemọ́lemọ́ ló ń dá kún òòyì, òun náà ló ń mú kí ìka máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ìpayà náà sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. “Fọkàn balẹ̀ jàre” lásán ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ bí àyà bá ń dùn ún, tàbí irú rẹ̀ ò ṣe é rí, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.