Mo wá orúkọ ìdílé Nejezchleba, kò jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Houston ló fi àwọn ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ àwọn tó ti Moravia, ní ilẹ̀ Tsẹ́kì, kó lọ sí Texas láyé àtijọ́ ni ọkọ rẹ̀. Mo tò wọ́n bó ṣe béèrè wọn, nítorí ibi tó ti kọsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá orúkọ ìdílé àwọn ará Tsẹ́kì ti máa ń kọsẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì bàbá ńlá ọkọ mi ni Nejeschleba. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú KdeJsme.cz, tó ń fi iye àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan ní Tsẹ́kì hàn. Ìwọ̀nba èèyàn ló jáde. Ṣé ìdílé náà ti ń parẹ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kí a tó sọ pé orúkọ kan ti ń parẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá orúkọ náà gan-an la wá.

Nejezchleba ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ nílé. "Nejez" ni "má jẹ", "chleba" ni "búrẹ́dì". Ìnagijẹ ni, odindi gbólóhùn tí àwọn ará abúlé fi ń pe ẹnì kan títí ó fi di orúkọ tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn dáadáa. Ẹnì kan ń jẹ́ Skočdopole, "fò sínú oko". Òmíràn ń jẹ́ Osolsobě, "fi iyọ̀ sí tìrẹ". Òmíràn ń jẹ́ Vítámvás, "mo kí yín káàbọ̀". Ní Moravia ní pàtàkì, ọ̀pọ̀ orúkọ ló ń sọ ohun tí ẹnì kan ṣe: Navrátil, "ó padà wá"; Pospíšil, "ó yára".

Wàyí o, nígbà tí wọ́n bá pe Nejezchleba, z tó ṣáájú ch máa ń dún bí s. Akọ̀wé tó fi etí gbọ́ ọ, pàápàá tó bá jẹ́ pé èdè Jámánì ló fi kàwé, á kọ s. Ibẹ̀ ni Nejeschleba ti wá, àwọn kan sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ní Tsẹ́kì títí dòní. Ibi tó léwu jù ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn, s-c-h. Lójú ẹni tó gbọ́ Jámánì, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n, èyí tí àwa ń kọ ní ṣ, tí àwọn ará Tsẹ́kì ń kọ ní š. Nítorí náà ẹni tó ń da ìwé àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà lè sọ ọ́ di Neješleba, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ pátápátá. Nínú ìwé tó ti pẹ́ ju 1842 lọ, g ni wọ́n fi ń kọ ohùn j, tó dún bí y tiwa, nítorí náà wá Negezchleba pẹ̀lú. Ó tún lè jẹ́ y gan-an ni àlùfáà kọ. Wá gbogbo rẹ̀ kí o tó ka iye èèyàn.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, iye wọn ti lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ló ń jáde. Àwọn obìnrin ìdílé náà dà?

Ìdáhùn: Wọ́n wà níbẹ̀, orúkọ tiwọn ni o kò tẹ̀. Obìnrin kì í sábà jẹ́ Nejezchleba ní Tsẹ́kì, Nejezchlebová ló ń jẹ́. A ó yọ a tó kẹ́yìn orúkọ bàbá tàbí ọkọ rẹ̀, a ó fi -ová sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni Svoboda ń di Svobodová, Kučera ń di Kučerová. Tí orúkọ ọkùnrin bá parí sí ý, bíi Novotný, Novotná ni ti obìnrin. Orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí, nítorí náà ẹni tó bá tẹ ti ọkùnrin nìkan ti fi nǹkan bí ìdajì ìdílé náà sílẹ̀ láìmọ̀. Láti January 1, 2022, òfin ti gba obìnrin láyè láti jẹ́ orúkọ náà láìsí -ová, kò sì ní láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Torí náà o lè bá àwọn obìnrin nínú ọ̀wọ́ méjèèjì.

Ìbéèrè: Mo rí ìwé kan tí wọ́n to orúkọ sí ní a, b, d. Mo wo ẹ̀yìn Nejezc, mi ò rí i.

Ìdáhùn: Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ch lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yìn h ló sì máa ń jókòó. Wo ẹ̀yìn Nejezh. Tí orúkọ kan bá fi Ch bẹ̀rẹ̀, ìsọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ní, lẹ́yìn H. Č, Ř, Š àti Ž náà ní àyè tiwọn.

Ìbéèrè: Ìwé tí bàbá náà fi di ọmọ Amẹ́ríkà sọ pé "Austria" ló ti wá. Ṣé kì í wá ṣe ará Tsẹ́kì ni?

Ìdáhùn: Ará Tsẹ́kì ni. Títí di 1918, abẹ́ ìjọba Austríà ni Bohemia, apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Tsẹ́kì, àti Moravia wà. October 28 ọdún yẹn ni wọ́n dá Czechoslovakia sílẹ̀, nítorí náà ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú omi ṣáájú rẹ̀ kò lè sọ ibòmíràn.

Abúlé lo nílò. Láìsí orúkọ abúlé, kò sí ìwé tí o lè ṣí, nítorí ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀. Padà síbi ibojì yẹn. Èdè Tsẹ́kì ni ọ̀pọ̀ òkúta àtijọ́ tó wà ní itẹ́ àwọn ará Moravia ní Texas fi ń sọ̀rọ̀. "Narozen" ni "a bí i", "rozená" sì ń ṣáájú orúkọ tí ìyàwó ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Nígbà míràn abúlé tí wọ́n ti bí olóògbé máa ń wà lábẹ́ ọjọ́ ìbí. Tí kò bá sí lára òkúta, béèrè ìwé ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú lọ́wọ́ ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ń lọ, torí àlùfáà tó gbọ́ èdè wọn máa ń kọ ibi tí èèyàn ti wá ju bí ọ́fíìsì ìjọba ṣe ń kọ ọ́ lọ.

Nígbà tí abúlé bá ti wà lọ́wọ́, ọ̀nà là. Ilé ìkówèésí ìjọba méje ló pín àwọn ìwé ìjọ àtijọ́ láàárín ara wọn, wọ́n ń pe ìwé náà ní matrika. Ti Moravia wà ní Brno àti ní Opava. Wọ́n ti ya àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kà á. Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an, pé ẹni tó wà ní Houston lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa ṣí ìwé ìrìbọmi abúlé kan láti ọdún 1700. Wọn kì í jẹ́ ká rí ìwé ìbí tí kò tíì pé 100 ọdún, àti ti ìgbéyàwó tí kò tíì pé 75.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí abúlé náà! Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìrìbọmi, Nejezchleby ni mo rí fún bàbá ọmọ. Lójú ewé míràn, Nejezchlebovi. Ṣé ìdílé mẹ́ta ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire! Ìdílé kan ni. Ní èdè Tsẹ́kì, ìrù orúkọ ń yí padà bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá ṣe rí. "Ọmọ Josef Nejezchleba" á di "syn Josefa Nejezchleby". Bí wọ́n bá fún un ní nǹkan, Nejezchlebovi. Bí wọ́n bá rí i, Nejezchlebu. Orúkọ àkọ́kọ́ pàápàá ń yí, o ṣáà rí Josefa yẹn, ọkùnrin ni.

Kíyè sí orúkọ ìrìbọmi dáadáa, torí èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ àwọn ìwé yìí láti ìgbà dé ìgbà: Látìn, Jámánì àti Tsẹ́kì. Václav kan náà ni Wenceslaus ní Látìn àti Wenzel ní Jámánì, ọ̀pọ̀ wọn sì sọ ara wọn di James nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà. Vojtěch ni Adalbertus. Bí o bá ń wá James nínú ìwé Moravia, ilẹ̀ á ṣú bá ọ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti tọ̀ ọ́ dé nǹkan bí 1760. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti yí padà. Bàbá ń jẹ́ nǹkan míràn pátápátá, ọmọ ń jẹ́ Nejezchleba. Àbí ọmọ àlè ni?

Ìdáhùn: Rárá o, má fi ọ̀rọ̀ yẹn kan ọmọ ọlọ́mọ. Ibi tí àwọn tó ń wá orúkọ ti máa ń sunkún lo dé yẹn.

Ṣáájú àwọn ọdún 1780 sí 1789, kò sí òfin tó de orúkọ ìdílé mọ́ èèyàn lọ́rùn ní ilẹ̀ Tsẹ́kì. Láàárín àwọn ọdún yẹn ni Joseph Kejì, olú-ọba ilẹ̀ náà, pàṣẹ pé kí orúkọ ìdílé dúró, kí ọmọ máa jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Kí àṣẹ náà tó dé, oko àti ilé lágbára ju bàbá lọ. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ opó tàbí àrólé, tó kó wọ ilé obìnrin náà, orúkọ ilé yẹn ni gbogbo abúlé á máa pè é. Wọ́n ń pè é ní orúkọ "po střeše", ìyẹn ni pé òrùlé ló fún un. Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbẹ̀, ilé gan-an ló ń sọ àgbàlagbà lórúkọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí bàbá kan bí lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ orúkọ mẹ́ta.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Wo ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà bóyá àlùfáà kọ "vulgo", "alias" tàbí "jinak" síbẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ pé orúkọ méjì ni ẹni yìí ní. Lẹ́yìn náà, fi orúkọ sílẹ̀ ná, kí o sì tẹ̀lé nọ́ńbà ilé. Láti 1770 sí 1771 ni wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nígbà Maria Theresa, ìyá Joseph, nọ́ńbà náà sì wà nínú ìwé ìrìbọmi. Bí orúkọ bá yí, tí nọ́ńbà kò yí, tí orúkọ ìyàwó kò sì yí, ẹni kan náà lo rí. Fún ìgbà tó ṣáájú nọ́ńbà, ìwé ilẹ̀ ni kí o wá, èyí tí wọ́n kọ ẹni tó ra oko, ẹni tó jogún rẹ̀ àti gbèsè tó kù sí.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, mo kà wọ́n pọ̀, wọn ò tún pọ̀ tó Novák. Kí ló jẹ́ kí orúkọ kan ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́?

Ìdáhùn: Novák kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dáa. Òun ló pọ̀ jù ní Tsẹ́kì, torí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ìtumọ̀ rẹ̀, abúlé wo ni àlejò ò sì sí? Orúkọ bíi Nejezchleba, ẹnu àwọn aládùúgbò kan ló ti jáde, nítorí náà ìdílé díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ìdílé díẹ̀ yẹn bá bí obìnrin nìkan fún ìran kan tàbí méjì, ó lè tán láìsí ogun, láìsí àrùn.

Àwọn kan tún ń sá fún orúkọ wọn. Ọmọ tí wọ́n ń fi "má jẹ búrẹ́dì" ṣẹ̀fẹ̀ nílé ìwé lè dàgbà kó lọ gba òmíràn, òfin Tsẹ́kì sì dárúkọ orúkọ ẹ̀tẹ́ àti orúkọ apanilẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bí ìdí tí ọ́fíìsì fi lè gbà kí èèyàn yí i. Àwọn míràn kó lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ṣí lọ sí Vienna, olú-ìlú Austríà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Procházka sì di Prohaska níbẹ̀, Kučera di Kutschera. Orúkọ lè ṣọ̀wọ́n nílé kó sì wà ní Vienna tàbí Texas.

Ti àwọn kan kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1945 àti 1946, wọ́n lé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àwọn tó ń sọ Jámánì kúrò ní Czechoslovakia, orúkọ tó ti wà ní ìlú kan fún ọgọ́rùn-ún ọdún sì kó lọ sí Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì lọ́jọ́ kan. Ṣáájú ìyẹn ni ìjọba Násì ti pa àwọn Júù. Ní Prague, lára ògiri sínágọ́gù Pinkas, wọ́n kọ orúkọ nǹkan bíi 78,000 àwọn Júù Bohemia àti Moravia tí wọ́n pa, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn. Àwọn orúkọ ìdílé kan wà lára ògiri yẹn tí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ wọn mọ́. Bí orúkọ tí ẹnì kan ń wá bá jẹ́ ti Júù, kó wo holocaust.cz, ìkànnì tí wọ́n to orúkọ àwọn Júù tí wọ́n pa sí, kó tó wo ibòmíràn.

Ìbéèrè: Àwọn ẹbí ọkọ mi ní òṣìṣẹ́ Ellis Island, èbúté New York tí wọ́n ti ń gba àwọn àlejò wọ Amẹ́ríkà, ló ba orúkọ náà jẹ́.

Ìdáhùn: Kì í ṣe wọ́n. Orí ìwé èrò tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti kọ láti Yúróòpù ni wọ́n ń wò. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Moravia tó lọ sí Texas, Galveston, èbúté kan ní Texas, ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, 1892 ni Ellis Island sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Ìbéèrè: Ó ku ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n. Ìrìbọmi bàbá ńlá náà ti wà lọ́wọ́ mi. Ìgbéyàwó àwọn òbí rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé abúlé wọn, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀.

Ìdáhùn: Ìjọ ìyàwó ni wọ́n ti sábà máa ń ṣègbéyàwó. Padà sí ojú ewé ìrìbọmi ọmọ náà, wo àyè ìyá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àlùfáà máa ń kọ orúkọ bàbá ìyá síbẹ̀, àti abúlé pẹ̀lú nọ́ńbà ilé tí ó ti wá. Mọ ìjọ tí abúlé yẹn wà lábẹ́ rẹ̀, ṣí ìwé ìgbéyàwó ibẹ̀, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kan ṣáájú ọmọ tó dàgbà jù, máa padà sẹ́yìn. Bí o bá dé ibẹ̀ tí Nejezchleba ò sí, wá orúkọ ìyàwó.